Ọjà orí áàpù tí wọ́n ń gbé wá sílé ní Gateshead: ìràwọ̀ 3 nínú 5, ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti ṣe díẹ̀ tí àwọn kan ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí apá àríwá Ìlú Ọba níbí tí wọn ò tíì ní mọ́tò, tí òtútù sì ti ń fojú wọn rí nǹkan, pé ṣé kí àwọn máa ra oúnjẹ lórí áàpù súpámákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á gbé e wá bá èèyàn nílé, ṣé ó dáa, ṣé wọn kì í rẹ́ni jẹ. Ìdáhùn mi ni pé ẹ lò ó, ó wúlò gan-an, èmi náà ṣì ń lò ó. Àmọ́ ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún wọn. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí mò ń bá rà torí kì í ṣe pé mo fẹ́ bá wọn jà. Kì í ṣe owó ló jẹ́ kí n yọ ìràwọ̀ 2 yẹn, kì í sì í ṣe pé wọ́n máa ń pẹ́ dé. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni.

Kẹ́ ẹ tó lè mọ ohun tí mò ń wí, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, torí ìlú tí mò ń gbé yìí gan-an, Gateshead, tó dojú kọ Newcastle tí odò Tyne wà láàárín wọn, ibí gan-an ni ìyá tí wọ́n máa ń pè ní ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó sílé ra ọjà súpámákẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀rọ ń gbé. Jane Snowball lorúkọ ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1984, ẹni ọdún 72 ni ìyá yìí nígbà yẹn, ó jókòó sórí àga nínú ilé ẹ̀, ó mú rímóòtù tẹlifíṣọ̀n, ó yan májarín, kọ́nfílẹ́ẹ̀sì àti ẹyin. Wáyà fóònù ló gbé ọ́dà náà lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì Tesco, àwọn yẹn ṣa ọjà, wọ́n dì í, wọ́n gbé e wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ka owó lé wọn lọ́wọ́. Kò sí káàdì, kò sí páásíwọ́ọ̀dù, kò sí ímeèlì kankan. 1984 o! Tim Berners-Lee ò tíì kọ ìwé àbá tó di World Wide Web, ìyẹn wẹ́ẹ̀bù tí gbogbo wa ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà yẹn, 1989 ló kọ ìyẹn.

Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ náà ni Michael Aldrich, ọ̀gá kan nílé iṣẹ́ Redifon tó wà ní Crawley lápá gúúsù lọ́hùn-ún. Lọ́dún 1979 òun àti ìyàwó ẹ̀ mú ajá wọn jáde, wọ́n ń rìn, wọ́n ń ráhùn nípa wàhálà súpámákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kí ló dé tí tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ ò lè bá àwọn jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Ó mú tẹlifíṣọ̀n bíi tilé gbogbo èèyàn, ó tún inú ẹ̀ ṣe, ó fi wáyà fóònù so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tó lè gba ọ́dà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ṣiṣẹ́. Àwọn Thomson Holidays tó ń ta ìrìn àjò ìsinmi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lo irú ẹ̀ ní 1981, láàárín àwọn àti àwọn ejẹ́ǹtì wọn. Àmọ́ ti Gateshead ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, torí káńsù wà nídìí ẹ̀, àwọn tí wọ́n sì torí ẹ̀ ṣe é ni àwọn arúgbó àtàwọn tí ẹsẹ̀ ò gbé jáde mọ́. Àwọn yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ rò ó fún. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà.

Ẹ wò ó, ìyá yẹn ò kọ́ nǹkan tuntun kan tó le. Tẹlifíṣọ̀n ni, ó ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí wá. Rímóòtù ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Videotex ni wọ́n ń pe irú ìlànà tó ń lò, irú èyí tí àwọn Post Office ibí náà gbé jáde ní 1979 tí wọ́n pè ní Prestel: lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, 40 ló ń wà lórí ìlà kan, ìlà 24 ló kún ojú ẹ̀rọ, àwọ̀ díẹ̀, kò sí àwòrán tó ń fò sókè fò sódò, kò sí ìpolówó. Lórí Prestel, ojú ewé kan lè gba bíi sẹ́kọ́ńdì 8 kó tó kún torí wáyà fóònù ìgbà yẹn ò yára rárá. Ṣùgbọ́n tó bá ti kún tán kò tún ní yí padà mọ́ àyàfi tí ẹ bá tẹ nǹkan. Ẹni tó bá ti jókòó ti arúgbó kan rí tí ojú fóònù ń yí mọ́ ọn lọ́wọ́ á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ó dáa, ká wá sórí tòní. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa níbẹ̀. Òkè pátápátá ni mò ń gbé nínú ilé wa, kò sí lífítì, ẹni tó bá ti gbé ìrẹsì 10kg, omi, mílíìkì àti pámpásì gun àtẹ̀gùn tòun tọmọ lẹ́yìn rí ló máa mọ ìdí tí mo fi máa ń ṣàdúrà fún àwọn dẹ́rẹ́bà wọn. Wákàtí kan ni àkókò tí wọ́n máa ń fún èèyàn, wọ́n sì máa ń dé láàárín wákàtí náà. Ẹyin kì í sábà fọ́. Áíísìkirimù kì í yọ́, torí inú ọkọ̀ wọn, ibi tí wọ́n ń kó nǹkan dídì sí yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀fọ́ sí, búrẹ́dì àti ìrẹsì náà ní ibi tiwọn. Dẹ́rẹ́bà kan wà tó máa ń pe màmá mi ní "pet", bí àwọn ará ibí ṣe máa ń pe èèyàn nìyẹn tí wọ́n bá yọ̀ mọ́ni, màmá náà á ní "O ṣeun o, ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ lójú títì". Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, àmọ́ wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Fún àwọn dẹ́rẹ́bà nìkan, ìràwọ̀ 5.

Àwọn tó ń ṣa ọjà náà ń gbìyànjú, mo ti rí wọn tí wọ́n ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú ọjà yìí, inú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀yin náà lè wọ̀ ni wọ́n ti ń ṣà á, bí Tesco ṣe bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Osterley lápá London ní 1996 nìyẹn (àwọn Ocado, tó jẹ́ orí ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ti ń tajà, ló gba ọ̀nà míì, ilé ìkẹ́rùsí ńlá ni wọ́n kọ́ sí Hatfield). Òṣìṣẹ́ á máa ti kẹ̀kẹ́ tí apẹ̀rẹ̀ ike tò sínú ẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń sọ ibi tó máa yà sí, tó bá mú nǹkan á fi ẹ̀rọ yẹn wò ó, ó ń dún "pí", ó di inú apẹ̀rẹ̀, ó tún kàn. Wọ́n ń fi aago ṣọ́ wọn ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí nǹkan tí ẹ fẹ́ ò bá sí nílẹ̀, ẹ̀rọ ló máa mú ohun tó rò pé ó jọ ọ́ wá, òṣìṣẹ́ yẹn ò ní àyè àtiro ìrònú kankan. Ẹ̀rọ yẹn ló ní kí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ rọ́pò ọ̀gẹ̀dẹ̀ agbagbà tí mo ní kí wọ́n gbé wá. Màmá ti gbé epo kaná fún dòdò o! Ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dání, ó yí i síwá ó yí i sẹ́yìn, ó wò mí lójú, ó ní "Àbẹ̀kẹ́, ta ló sọ fún wọn pé ọmọdé ló fẹ́ jẹ ẹ́?" Wọ́n dá owó mi padà, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn, wọn ò tiẹ̀ bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí dòdò lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló jẹ́ kí n yọ ìràwọ̀. Màmá mi wá láti Ìbàdàn wá bá wa wẹ ọmọ, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe lásìkò yẹn, iṣẹ́ care ni, ọkọ mi náà máa ń jáde láti ìdájí. Màmá mi kì í ṣe ẹni tí nǹkan ń dẹ́rù bà, ó tajà ní Dùgbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó mọ ìṣirò ju èmi lọ, WhatsApp ò sì ṣòro fún un. Mo wá sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan pé màmá, mò ń lọ sùn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ nǹkan, áàpù nìyí, ẹ yàn án. Nígbà tí mo jí ó ṣì jókòó síbi tí mo fi í sí, awò ojú wà lójú ẹ̀, inú ń bí i. Áàpù náà ti ní kó wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù mi tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, kóòdù yẹn sì ti bà jẹ́ kó tó rí i. Nígbà tí a jọ wọlé tán, ó fẹ́ ra ẹ̀wà, ó kọ "ẹ̀wà", wọ́n ní kò sí. Ó yan àlùbọ́sà, àpótí kan yọ lójú ẹ̀ pé ṣé kò fẹ́ ra bísíkíìtì tí wọ́n dín owó ẹ̀ kù, ó fẹ́ ti ìyẹn, ọwọ́ ẹ̀ kan ibòmíì, bísíkíìtì 3 ti wọ inú apẹ̀rẹ̀. Ọjà tó fẹ́ gan-an ò ju bíi £15 lọ, wọ́n ní àyàfi tó bá pé £40. Ibi tí a wá dé ọ̀rọ̀ owó, báǹkì ní kí n fi ojú mi hàn lórí fóònù kí àwọn lè mọ̀ pé èmi ni.

Ìyá tó ń pa owó láti ìgbà tí mi ò tíì sí láyé, ó rò pé òun ò gbọ́n mọ́. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Ó ní "Ẹ máa bá mi rà á, ayé yìí ti kọjá tèmi". Mo ní rárá màmá, kò kọjá tiyín, àwọn tó ṣe é ni ò rò yín mọ́ ọn.

Ibi iṣẹ́ mi náà mo ń rí i. Àwọn òyìnbó àgbà tí mo máa ń lọ bá nílé wọn, tí mò ń bá wẹ̀, tí mò ń bá gbé tíì kaná, ọ̀pọ̀ wọn ló ní tábúlẹ́ẹ̀tì tí ọmọ wọn rà fún wọn, inú dúrọ́ọ̀ ló wà, kò ní iná. Wọ́n ń dúró de ọmọ tó máa wá ní Sátidé kó wá bá wọn pàṣẹ ọjà, tí ọmọ ò bá wá, ohun tó bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n máa jẹ. Ìlú kan náà ni o, ìlú Jane Snowball. Mo máa ń rò ó tí mo bá ń ti ẹnu ilẹ̀kùn wọn.

Ẹ tún wo àwọn míì tó sọ tẹ́lẹ̀ nípa bí ẹ̀rọ á ṣe wọ inú ilé wa, torí mo ti ń ka nípa wọn láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbà mí lọ́kàn. Ní 1974 òǹkọ̀wé kan, Arthur C. Clarke, dúró sáàárín kọ̀ǹpútà tó gba odindi yàrá, ó ń bá oníròyìn ABC ti Australia sọ̀rọ̀, oníròyìn náà mú ọmọ ẹ̀ kékeré dání, Clarke sì sọ pé tó bá máa fi di 2001, ọmọ yìí á ní ẹ̀rọ kan nílé ẹ̀ tí á máa fi wo àkáǹtì ẹ̀ ní báǹkì, tí á máa fi gba tíkẹ́ẹ̀tì tíátà. Ó bá a mu gan-an! Àwọn Faransé ṣe tiwọn tán ní 1982, Minitel, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín ẹ̀rọ náà fún àwọn tó ní fóònù, wọ́n ní kí wọ́n máa fi wo nọ́ńbà èèyàn dípò ìwé ńlá tí wọ́n ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí ọ̀fẹ́ yẹn ni ìyá arúgbó lábúlé fi ní in, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 2012 kí wọ́n tó pa á. Prestel tibí wá ńkọ́? Tẹlifíṣọ̀n tó lè gbé e wọ́n gógó, o tún máa san owó fóònù, o tún máa san owó ojú ewé míì, àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ ò dé 100,000 títí ó fi parẹ́. Mo gbà pé kì í ṣe pé ará Faransé gbọ́n ju ará ibí lọ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn síbí, wọ́n ṣí i lọ́hùn-ún.

Àwọn Amẹ́ríkà, owó ni wọ́n fi lé e. Webvan, Louis Borders ló dá a sílẹ̀, 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ lọ sílé àwọn èèyàn lágbègbè San Francisco, wọ́n ní àwọn á dé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí oníbàárà bá yàn, wọ́n bá Bechtel, ilé iṣẹ́ kọ́lékọ́lé, ṣàdéhùn bílíọ̀nù kan dọ́là pé kó máa bá àwọn kọ́ ilé ìkẹ́rùsí káàkiri kí wọ́n tó mọ̀ bóyá oníbàárà pọ̀ tó, oṣù keje 2001 ni wọ́n wọko gbèsè. LG gbé fìríìjì tó ní íntánẹ́ẹ̀tì jáde ní 2000, owó ẹ̀ lé ní $20,000, wọ́n ní á máa sọ ohun tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ fún yín. Ta ló fẹ́ fi $20,000 mọ̀ pé mílíìkì ti tán? Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó.

Èyí tó wọ èmi lára nínú gbogbo ẹ̀ ni ìpolówó tí ilé iṣẹ́ fóònù Amẹ́ríkà kan, AT&T ṣe ní 1993. Òṣèré fíìmù kan, Tom Selleck, ló ń fọhùn níbẹ̀, ó ń béèrè pé ṣé o ti ṣe báyìí báyìí rí, á wá ní "you will". Nínú ọ̀kan, ìyá kan wà lẹ́nu ìrìn àjò, ó wọ inú bọ́ọ̀tì fóònù ìta, ó ń wo ọmọ ẹ̀ kékeré lójú ẹ̀rọ, ó ń bá a ṣeré kó tó sùn. 1993! Bọ́ọ̀tì fóònù nìkan ni wọn ò gbà, àwọn bọ́ọ̀tì yẹn gan-an ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀ báyìí, gbogbo ìyókù ló ṣẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá yín ní Ọ̀ṣogbo tàbí Abẹ́òkúta wá síbí, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí mò ń wí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé fóònù dúró ti síńkì tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́ kí ọmọ lè máa rí ojú yín. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n polówó ẹ̀ kọ́ ló gbé e fún wa o, WhatsApp ni, àmọ́ ó dé. Màmá mi náà, kó tó wá, orí fídíò ló ti kọ́kọ́ rí ọmọ yìí, ọjọ́ tí a bí i, ó sì ki í ní oríkì láti Ìbàdàn títí tí nọ́ọ̀sì fi dúró tó ń gbọ́.

Ẹnì kan tún wà tí gbogbo ayé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, Clifford Stoll, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ni. Ní 1995 ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Newsweek pé gbogbo ariwo íntánẹ́ẹ̀tì yìí ò lè rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, pé ọjà orí ẹ̀rọ ò lè mì ṣọ́ọ̀bù ojú títì. Kò rí bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la rí i. Àmọ́ ohun kan wà tó sọ níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé: ó ní ká tiẹ̀ ní owó ṣeé san níbẹ̀ láìséwu, ẹni tó ń tajà ò sí níbẹ̀, èèyàn ẹlẹ́ran ara. Lórí èyí, ọ̀gbẹ́ni yẹn gbà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti rajà lọ́jà Bódìjà rí. Ẹni tó ń tajà mọ̀ ẹ́, ó mọ̀ pé ìwọ kì í fẹ́ ata tó rọ̀, tí èyí tó dáa ò bá sí á ní kó o padà wá lọ́la. Áàpù ò mọ ẹnikẹ́ni, bísíkíìtì tí wọ́n dín owó ẹ̀ kù ló mọ̀.

Ẹ rántí 2020 náà, nígbà kòrónà, oṣù kẹta. Ṣàdédé ni gbogbo èèyàn sá sórí áàpù, kò sí àyè kankan mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn èwe tí orí wọn pé á jí lóru láti wá àyè tí wọ́n bá ṣí i. Ìgbà yẹn ni ìjọba àtàwọn súpámákẹ́ẹ̀tì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn tí ara wọn ò le. Ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Gateshead ní 1984, àjàkálẹ̀ àrùn ló tún rán wọn létí. Mo kí wọn pé wọ́n ṣe é. Àmọ́ kí ló dé tí kò fi dúró bẹ́ẹ̀ kó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti ibòmíì tí a ti ń rajà, torí ó yẹ kí n fi nǹkan míì wé áàpù yìí. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé wa kan wà lódì kejì odò, ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ló ni ín, òun náà ń gbé ọjà wá sílé, kò ní áàpù, kò ní nǹkan kan, WhatsApp ni. Màmá mi kì í kọ nǹkan, voice note ló máa ń fi ránṣẹ́. Ẹ gbọ́ ọ: "Ẹ n lẹ́ o, ìyá oníṣọ́ọ̀bù. Èmi ni, ìyá Àbẹ̀kẹ́. Ṣé dáadáa lẹ jí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ bá mi fi ẹ̀lùbọ́ sí i, ti ìjọsí yẹn ní yanrìn díẹ̀, ẹ bá mi wo òmíràn. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ ńkọ́, ṣé ó ti dé? Tí kò bá tíì dé ẹ má wulẹ̀ fún mi ní nǹkan míì, mo lè dúró." Ìyá náà á dá a lóhùn, á kí i, á ní "Ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ má bínú sí ẹ̀lùbọ́ yẹn mà, òmíràn ti dé, mo ti fi ọwọ́ mi yẹ̀ ẹ́ wò". Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló máa gbé e wá nírọ̀lẹ́ tó bá ti ilé ìwé dé, màmá á ka owó lé e lọ́wọ́, á ka ṣéńjì ẹ̀, á tún fún un ní £1 lórí ẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tí Jane Snowball ò ṣe. Ẹ̀rọ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó rọrùn, owó lẹ́nu ọ̀nà, kò sí £40. Ohùn ló wá rọ́pò rímóòtù, ìyẹn tiẹ̀ tún dáa jù fún ẹni tí ojú ò ríran dáadáa mọ́.

Mi ò ní purọ́, ṣọ́ọ̀bù ìyá yìí náà ní tiẹ̀. Kò ní àkókò pàtó, "nírọ̀lẹ́" lè jẹ́ aago márùn-ún, ó lè jẹ́ aago mẹ́jọ. Owó ẹ̀ wọ́n ju ti súpámákẹ́ẹ̀tì lọ lórí nǹkan bíi ìrẹsì àti tòmátì alágolo. Tí ẹ bá fẹ́ mílíìkì ọmọ tàbí pámpásì, ẹ má lọ síbẹ̀ rárá. Ìràwọ̀ 4 ni mo fún un.

Fún súpámákẹ́ẹ̀tì wa, ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí wọn nìyí, mo sì ń retí èsì: kí wọ́n gba nọ́ńbà fóònù kan tí àgbà lè pè kí èèyàn gbé e; kí wọ́n yọ £40 yẹn fún ẹni tó bá ti lé ní 70; kí àgbà lè san owó fún dẹ́rẹ́bà; kí ojú ewé kan wà tó jẹ́ pé ohun tí onítọ̀hún máa ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, lẹ́tà ńlá, kí nǹkan kan má fò jáde. Kò sí èyí tó ṣòro níbẹ̀, wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ nílùú yìí kan náà nígbà tí kọ̀ǹpútà ò tíì ní agbára kankan. Tí wọ́n bá ṣe é màá wá tún ìràwọ̀ mi kọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ máa gba àyè yín ní àárín ọ̀sẹ̀, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, owó gbígbé ẹ̀ kéré sí ti òpin ọ̀sẹ̀. Níbi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ agbagbà bá wà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "má pààrọ̀" sí, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ má bàa gba nǹkan tí ò ṣeé dín. Tí ẹ bá ní àgbà nílé, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wọlé sórí áàpù fún wọn kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ kó ohun tí wọ́n máa ń rà sínú "favourites" kí wọ́n lè kàn fi ìka kan án. Ẹ̀yin ará Newcastle àti Gateshead tẹ́ ẹ fẹ́ nọ́ńbà ìyá ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, torí Ọjọ́bọ̀ lẹ̀fọ́ ṣọkọ ẹ̀ máa ń dé láti London, kì í sì í di Ẹtì kó tó tán.